Gíráàmù Mẹ́jọ

Igi ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo ló fi ń tú u wò. Ó kúnlẹ̀ sẹ́bàá ògiri, ó ti ká ìró rẹ̀ mọ́ orúnkún, ó ń fi ṣóńṣó igi náà la ìgbẹ́ ọmọ ajá sí méjì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí aránṣọ bá ń tú ojú rírán aṣọ olówó iyebíye. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni, ní Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn, a ò sì tíì rí iná láti alẹ́ àná. Ó wo àwọ̀ rẹ̀. Ó wo inú rẹ̀. Ó sún imú mọ́ ọn, èmi sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kò burú. Ọ̀rá ló pọ̀jù díẹ̀. Awọ adìẹ tí mo ní kí wọ́n bó, wọn ò bó o tán lábẹ́ apá." Ó mú ìwé ọmọléèwé kan lórí fèrèsé, ó kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, ohun tó jẹ, ohun tó ṣu.

Ìyá yìí kò fẹ́ kí n kọ orúkọ òun, nítorí náà màmá ni n ó máa pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní pátákó níwájú ilé. Àwọn èèyàn ń gbé ọmọ ajá wá bá a, èyí tó ti ń jẹ oúnjẹ gbígbẹ inú àpò, kí ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbé e bọ́ sórí ẹran tútù, ẹran tí iná kò kàn rárá, teegunteegun. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè á ní kí ló wà níbẹ̀, ṣé kì í ṣe kéèyàn ju ẹran sílẹ̀ fún ajá ni? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ kí n tó débẹ̀. Ajá ilé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀bà ló jẹ, àmàlà ló jẹ, ó sì gbó mọ́ olè títí eyín fi ká lẹ́nu rẹ̀. Mi ò wá di ọmọlẹ́yìn ẹran tútù. Ọwọ́ màmá ni mo wá wò, òwúrọ̀ mọ́kànlá ni mo sì fi wò ó láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lásà lajá náà, irú ajá onírun gígùn tí wọ́n mú orúkọ rẹ̀ láti ìlú Lhasa ní Tibet, tó ti wá kún ilé àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti ìyàwó ilé ní Ìbàdàn àti Èkó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló tíì lò láyé. Nígbà tí wọ́n gbé e lé ìwọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gíráàmù 1,600 ni, kò tó àpò iyọ̀ oníkílò kan méjì. Ọmọkùnrin tó gbé e wá ń pè é ní Snow. Màmá ní òun ò lè máa ké pe yìnyín nínú oòrùn Ìbàdàn. Kó tó di ọjọ́ kejì ó ti sọ ọ́ ní Tẹniǹtẹni, bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi orúkọ ajá sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ará ilé kejì. Mo bi í léèrè ta ló ń bá wí. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ ni.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kò fún un ní ẹran kankan. Oúnjẹ gbígbẹ tí wọ́n gbé e wá pẹ̀lú rẹ̀ náà ló ń rẹ sómi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ fún un, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, bó ṣe ń jẹ ẹ́ nílé. Mo rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò ni. Ó ní ilé àjèjì nìkan tó láti da inú ọmọ ajá rú. Bí òun bá tún fi oúnjẹ àjèjì kún un, tó wá ń ṣunú, òun ò ní mọ èwo ló fà á. Ó fẹ́ mọ bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń rí kí òun tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó gba káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó kà á bí agbẹjọ́rò ṣe ń ka ìwé ilẹ̀. Oògùn aràn, ó ti lò ó. Abẹ́rẹ́ parvo, ó ti gbà á. Ti dìgbòlugi kò tíì tó àsìkò, ó di oṣù mẹ́ta. Parvo yẹn ni ojú rẹ̀ tọ́ sí jù, àrùn tó máa ń mú ọmọ ajá bì, tó ń mú un ṣunú ẹ̀jẹ̀, tó sì lè pa á láàárín ọjọ́ mélòó kan. "Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà tí o yí oúnjẹ padà," ni màmá wí, "oúnjẹ lo máa bú. Ìgbà tí o bá fi máa bú oúnjẹ tán, ajá ti kú."

Ní ọjọ́ kẹta ló gbé ìwọ̀n sórí tábìlì, ìwọ̀n pẹlẹbẹ tí àwọn alákéèkì fi ń wọn ìyẹ̀fun. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ajá ńlá tó ti dàgbà, ìdá 2 sí 3 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ ni yóò jẹ lójúmọ́. Ọmọ ajá ń kọ́ ilé lọ́wọ́, ó ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdá 5 sí 10. Màmá mú 8. Ìdá 8 nínú 100 gíráàmù 1,600 jẹ́ 128. Pín in sí mẹ́rin, ó di 32 lẹ́ẹ̀kan. Mo ti ń retí 32. Gíráàmù 8 ló wọ̀n. Kò kún ṣíbí tíì méjì. Ó wà ní ìsàlẹ̀ abọ́ bí ohun tí ẹnìkan jẹ kù.

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, àbí o ò gbọ́ rí?"

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé kò po ẹran náà mọ́ oúnjẹ gbígbẹ. Ẹran nìkan láàárọ̀ kùtù. Oúnjẹ àtijọ́ fún ẹ̀ẹ̀mẹta tó kù. Àwọn kan wà tó ń sọ pé bí méjèèjì bá pàdé nínú ikùn, wọn á jà, nítorí pé wọn kì í dà lásìkò kan náà. Màmá kò gba ìyẹn gbọ́, ó ní kò sẹ́ni tó fi ẹ̀rí rẹ̀ han òun rí. Ìdí tirẹ̀ rọrùn: bí wọ́n bá wà nínú abọ́ kan ṣoṣo, tí wàhálà dé, ta ni yóò jẹ́rìí? Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ló rí báyẹn. Kì í yí ohun méjì padà lọ́jọ́ kan.

Ẹran náà kò sì tutù. Ó ti gbé abọ́ rẹ̀ léra lórí abọ́ omi gbígbóná, ó ń fi ẹ̀yìn ìka kékeré tọ́ ọ wò títí tó fi lọ́ bí ara èèyàn. Ẹran tó jáde láti inú fìríìjì kì í rùn, imú sì ni ọmọ ajá fi ń jẹun kó tó fi ẹnu jẹ. Ó gbé e kalẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó kẹ̀yìn sí i. Kò pè é. Kò súfèé sí i. Tẹniǹtẹni wá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sín, ó fà sẹ́yìn, ó dùbúlẹ̀ tó na àyà sórí sìmẹ́ǹtì, ó ń wo abọ́ náà bí ẹni pé yóò sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni màmá fún un. Nígbà tó pé, ó gbé abọ́ kúrò láìsọ nǹkan kan. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, ó tún gbé 8 mìíràn wá. Lọ́tẹ̀ yìí ó fi ìka rẹ̀ mú bí ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ èékánná kan, ó fi pa á ní ètè. Ajá lá ètè. Ó ronú sí i. Lẹ́yìn náà ló rìn lọ bá abọ́ fúnra rẹ̀, ó sì lá a mọ́ fẹ́ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ibi tí ẹran náà ti wá, torí ibẹ̀ niṣẹ́ pọ̀ sí. Bódìjà ló ti ń ra adìẹ, ó sì ní kí wọ́n pa á lójú òun. Kì í wo ìyá àgbà adìẹ rárá. Adìẹ ayéyìn tó ti yé títí tó ti rẹ̀ ẹ́ kò wọ́n lóòótọ́, àmọ́ eegun rẹ̀ ti gbó, ó ti le, a sì máa fọ́ ṣóńṣóṣóńṣó bí ìgò. Bùrọ́ílà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje ló ń fẹ́, tí eegun rẹ̀ ṣì rọ̀, tí èèyàn lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ orí itan rẹ̀ kó wọlé díẹ̀. Mo rí i tó ń tẹ̀ ẹ́ lójú aládìẹ, tí onítọ̀hún ń fapá jánú. Adìẹ inú fírísà tí wọ́n ń kó gba ẹnubodè wọlé, tí ìjọba ti fòfin dè, kò tilẹ̀ dúró níwájú rẹ̀. Ó fi àpò ọ̀rá kan hàn mí lọ́wọ́ obìnrin kan: yìnyín ti dì mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó pupa bí omi sóbò. "Ó ti yọ́ rí, wọ́n tún mú un dì. Òtútù kì í pa kòkòrò àìfojúrí, ó kàn ń mú wọn sùn ni."

Ẹ̀dọ̀ màlúù ló ń rà lọ́dọ̀ alápatà kan tó ti mọ ìwà rẹ̀. Alápatà náà kì í dúró kó béèrè mọ́. Ó ń fi ọ̀bẹ la ẹ̀dọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ fún un, kí màmá lè tẹ àwọn ọ̀nà omi òróòro inú rẹ̀ wò. Kòkòrò pẹlẹbẹ kan wà tó rí bí ewé, inú ibẹ̀ ló ń gbé lára màlúù wa. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá yọjú, gbogbo ẹ̀dọ̀ náà di ti alápatà. Ọ̀fun màlúù kò wọ ilé rẹ̀, nítorí ẹṣẹ́ ọrùn tó máa ń bá a lọ nígbà míì, èyí tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ. Ajá tó bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, á máa rù láìṣàìsàn. Ẹlẹ́dẹ̀ tútù, èèwọ̀ ni. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Aujeszky, fáírọ́ọ̀sì ló fà á, ara ẹlẹ́dẹ̀ ló ń gbé. Bó bá bọ́ sára ajá, kò sóògùn rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìlọran rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, irin dúdú, tí wọ́n dè mọ́ etí tábìlì. Ọrùn adìẹ tí a ti bó awọ rẹ̀ àti ẹran itan ló ń tì sí i lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń lọ̀ ọ́. Nígbà tó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan mo rò pé ó ti kúná tó. Kò dá mi lóhùn. Ó tẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí àwo funfun, ó ń fi ìka méjì fún un lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Ó yọ ọ̀kan. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi: ẹ̀rún eegun kan tí kò tó hóró ìrẹsì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Ọmọ ajá tó wọ̀n 1,600, eyín ọmọdé 28 ló wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀gún ọsàn. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò ju ìka kékeré mi lọ. Ó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún ṣà á.

Kí ló dé tí kò kúkú yọ eegun kúrò kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo bi í, òun ló sì mú kó jókòó.

Ó ní ajá àkọ́kọ́ tí òun fi ọwọ́ ara òun bọ́ báyìí, ọmọ ajá ìbílẹ̀ kan ni, aláwọ̀ iyẹ̀pẹ̀. Òun gbọ́ pé ẹran tútù dára, òun sì ń fún un ní ọkàn màlúù àti fùkù, ẹran pupa tó dùn-ún wò. Irun ajá náà ń dán. Gbogbo ará àdúgbò ń yìn ín. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Òun rò pé ẹnìkan ló sọ ọ́ lókò. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bí ọrun, ní ọjọ́ kan ó fò láti orí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ náà sì dá. Dókítà ẹran ya àwòrán eegun rẹ̀. Eegun náà kò fẹ́ẹ̀ hàn nínú àwòrán. Òjìji ni.

"Èmi ni mo ṣe é," ni màmá wí. "Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lókò."

Ẹran tí kò léegun, bó ti wù kó pupa tó, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló kún inú rẹ̀. Kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tó nǹkan. Èkíní lè ju èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Ọmọ ajá tó ń dàgbà ń fẹ́ kí kálísíọ́ọ̀mù dọ́gba pẹ̀lú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ó kéré tán, kó tilẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ ajá ní Amẹ́ríkà kò gbà kó ju ìlọ́po méjì lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá rí kálísíọ́ọ̀mù nínú oúnjẹ, kò ní dúró: á lọ yá a lára eegun, á sì máa yá a lọ láìsan padà. Òwò náà kì í hàn lójú. Irun á máa dán, ajá á máa ṣeré, ilé tó ń kọ́ nínú ara rẹ̀ á sì ti jẹ́ ilé alámọ̀ lójú òjò. Èyí ni mo rò pé àwọn tó ń ju ẹran sílẹ̀ fún ajá kò mọ̀. Ẹran kọ́ ni oúnjẹ náà. Ẹran àti eegun àti ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni, ní ìwọ̀n, bí ẹni pé odindi ẹran ìgbẹ́ kan ni ajá pa jẹ.

Ìwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe é sì ń lò ni ẹran ìdá 80, eegun 10, nǹkan inú 10, tí ìdajì nǹkan inú náà jẹ́ ẹ̀dọ̀. Fún ọmọ ajá màmá ń fi eegun kún un díẹ̀. Kì í wá fi ẹ̀dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó di ọjọ́ kejìlá kí ẹ̀dọ̀ tó yọjú, gíráàmù 2 péré, lẹ́yìn náà 4, ó sì dúró ní 6 lójúmọ́. Fítámì A pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ débi pé àpọ̀jù rẹ̀ lè ba eegun jẹ́, tí yóò wá di pé ohun tí a fi eegun adìẹ tún ṣe, ẹ̀dọ̀ ti tú u ká lẹ́yìn wa.

Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń sọ fún un bóyá ó wọ̀n ọ́n re. Ìgbẹ́ ló ń sọ fún un. Ìdí nìyẹn tó fi ń kúnlẹ̀ ní agogo mẹ́fà ààbọ̀. Bó bá funfun bí ẹfun, tó sì ń fọ́ lọ́wọ́, eegun ti pọ̀jù, ajá á sì máa tiraka kó tó lè ṣu ú. Bó bá dúdú tó sì ń lẹ̀ bí ọ̀dà, ẹ̀dọ̀ ti wọlé jù, bí kì í bá ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ni, torí náà ó máa ń fi òwú funfun tútù tẹ̀ ẹ́ láti mọ èyí tó jẹ́: bó bá pọ́n lára òwú, ọ̀dọ̀ dókítà ló ń gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìwọ̀n. Bó bá ṣàn bí ògì, tó sì pupa rúsúrúsú, ọ̀rá ni. Bó bá kéré, tó ki, tí kò fẹ́ẹ̀ rùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dìde, orúnkún rẹ̀ á sì ró. Mo ti rí i tó fi gíráàmù 3 dín eegun kù nítorí àwọ̀ tí èmi ò rí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti àná. Lọ́jọ́ kejì ó tún pè mí kí n wá wò ó. Mo rí i.

Ọjọ́ tó wú mi lórí jù ni ọjọ́ tó fìdí rẹmi. Ọjọ́ kẹsàn-án ni. Tẹniǹtẹni ti ń jẹ ẹran ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, gíráàmù 32 pé pérépéré, ara gbogbo wa ti yá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó kọ̀ ọ́. Ní ọ̀sán ó tún kọ̀ ọ́. Nínú ìwé àwọn kan, wọ́n á ní kéèyàn jẹ́ kí ebi pa á, ebi á kọ́ ọ. Ajá ńlá lè gbààwẹ̀ ọjọ́ kan kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ṣúgà tí ọmọ ajá kékeré lè kó pamọ́ sínú ara kò tó nǹkan. Bó bá pẹ́ láìjẹun, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á jábọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á máa rìn bí ọ̀mùtí, gìrì lè gbé e, kó sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Màmá gbé e lé itan. Ó ṣí ètè rẹ̀ wò bóyá erìgì rẹ̀ ti funfun. Ó di etí rẹ̀ mú láti mọ bó ti tutù tó. Ó yọ ìgò oyin kékeré kan lápò ìró, ó kán an sí erìgì ajá náà, ó sì fi ìka pa á. Lẹ́yìn náà ló gbé àpò oúnjẹ gbígbẹ àtijọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó rẹ ẹ́, ó fún un. Ajá jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi padà sẹ́yìn. Ẹran bọ́ sí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, gíráàmù 8 náà. Mo rò pé inú á bí i tàbí kó tilẹ̀ tijú níwájú àlejò tó ń kọ̀wé. Ó kàn fa ìlà kan lábẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án nínú ìwé rẹ̀, ó kọ "mo sáré" sí i, ó sì lọ fọ abọ́.

Abọ́ fífọ̀ yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Pákó ìgéran kan wà fún ajá, òmíràn wà fún ọbẹ̀ ilé, àwọ̀ wọn kò jọra, wọn kì í sì í pàdé. Omi ọṣẹ kọ́kọ́ kọjá, hípò tẹ̀lé e, oòrùn ló sì parí rẹ̀. Ajá tó ń jẹ ẹran tútù lè máa ṣu Salmonella kiri ilé láìsí pé ohunkóhun ṣe òun fúnra rẹ̀. Nítorí náà màmá kì í gba ajá ilé tí ọmọ ìkókó wà, tàbí aláboyún, tàbí arúgbó tí ara rẹ̀ kò le. Ó ti lé alájá padà rí nítorí èyí, onítọ̀hún sì bínú gan-an. Ó tún máa ń béèrè ọ̀rọ̀ iná. Ẹni tí fírísà rẹ̀ ń yọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, kó lọ máa se oúnjẹ ajá rẹ̀. Ní tòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí, mo sì bẹ ẹni tó bá ń kà á tí ara rẹ̀ ti ń yá láti gbìyànjú rẹ̀: bí ẹ kò bá ní ìwọ̀n, tí ẹ kò ní iná, tí ẹ kò lè kúnlẹ̀ ti ìgbẹ́, ẹ fi ajá yín sílẹ̀ sórí oúnjẹ sísè.

Kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Oúnjẹ inú àpò kò tíì pẹ́ láyé. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, James Spratt, tó ń ta ọ̀pá tí wọ́n fi ń gba mànàmáná, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta bisikíìtì ajá ní London ní nǹkan bí ọdún 1860. Ní 1993 ni Ian Billinghurst, dókítà ẹran ní Australia, gbé ìwé Give Your Dog a Bone jáde, láti ìgbà náà ni ẹran tútù ti di ìjọ. Àwọn tó ń wàásù rẹ̀ a máa sọ pé ìkookò ni ajá. Àmọ́ ní 2013, àwọn onímọ̀ kan láti Uppsala ní Sweden kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé ajá ti yàtọ̀: àbùdá tó ń bá a da oúnjẹ bíi iṣu àti àgbàdo pọ̀ lára rẹ̀ ju ti ìkookò lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá wa jẹun. Ajá ilé wa tó ń jẹ àmàlà kò ṣẹ̀ sófin kankan. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran ní Amẹ́ríkà pàápàá gbé ìlànà jáde ní 2012 pé àwọn kò fọwọ́ sí ẹran àìsè fún ajá àti ológbò. Mo kà á sí màmá létí. Ó ní òun mọ̀, ó ní òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì ń bá ẹ̀rọ rẹ̀ yí lọ. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa kò ka ìwé kankan kí wọ́n tó máa ju ìfun ẹran sí ajá wọn lójú ibi tí wọ́n ti pa á.

Ọjọ́ kọkàndínlógún ló fún un ní eegun àkọ́kọ́ tí kò lọ̀. Ṣóńṣó ọrùn adìẹ kan ni, ó gùn tó ìka méjì, tútù, nítorí eegun tí a bá ti sè ló máa ń ya bí igi gbígbẹ tó sì ń gún ìfun. Kò jù ú sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó fi àtàǹpàkò àti ìka mú ìdí ọrùn náà dání gírígírí, ó sì na ẹnu rẹ̀ sí ajá. Tẹniǹtẹni fà á. Kò fi í sílẹ̀. Ajá gbìyànjú láti gbé e mì lódindi, kò lè gbé e, torí pé màmá ló di ìyókù mú. Ó wá yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi eyín ẹ̀yìn mú un, mo sì gbọ́ ọ: kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, bí ẹni ń rìn lórí èpo ẹ̀pà. Bó ti ń rún un, bẹ́ẹ̀ ni màmá ń ti ìyókù síwájú fún un, bí ẹni ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò wo ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀fun ajá náà ló ń wò. Nígbà tó kù bíńtín, tí ajá lè gbé e mì lódindi, ó fi ìka kan ṣí i lẹ́nu, ó sì gbà á padà. Ajá wò ó tìyanutìyanu. Ó ní, "Ó tó. Ìgbà míì ń bọ̀."

Ọmọkùnrin tó gbé Tẹniǹtẹni wá dé ní ọ̀sán Sátidé, ó dọ̀bálẹ̀ fún màmá, ajá sì fò mọ́ ọn lọ́rùn. Màmá gbé ajá náà lé ìwọ̀n lójú rẹ̀: gíráàmù 2,150. Ó pa 32 rẹ́ nínú ìwé, ó kọ 43 sí i, ó sì ní kó bu oúnjẹ náà fúnra rẹ̀ kí òun rí i. Ọmọkùnrin náà bù ú pẹ̀lú ìgboyà, ó fẹ́ gbé e kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èyí ò tó o," ló wí.

Màmá gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí ìwọ̀n. Ó jẹ́ 61. Ó bu 18 kúrò.